Èmi Gan-an Ni Onílé

Yàrá tó kéré jù lọ nínú ilé mi ni mò ń gbé. Ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ilé náà fẹ́ fi ṣe sítọ́ọ̀ ni, ibi tí wọ́n á máa kó iṣu àti àpò gàrí sí. Fèrèsé rẹ̀ kò ju ohun tí orí ènìyàn méjì lè yọ níbẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀dì gba ìdajì yàrá náà, ẹ̀rọ ìránṣọ mi gba ìyókù. Bí mo bá fẹ́ kírun, àfi kí n gbé àga mi sórí bẹ́ẹ̀dì kí n tó rí ibi tí màá tẹ́ ẹní sí. Àwọn yàrá tó fẹ̀, tí atẹ́gùn ń wọlé sí dáadáa, títí kan pálọ̀ tó kọjú sí títì, àwọn ayálégbé ló wà níbẹ̀.

Àwọn ènìyàn ti fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín púpọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. "Ìyá onílé tó ń sùn ní sítọ́ọ̀" ni àwọn kan ń pè mí lẹ́yìn ní Ọjà Igbó, tí wọ́n bá rí mi lójúkojú wọ́n á ní, "Àlàájà, ẹ kú ọjà o." Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Owó tí àwọn yàrá yẹn ń mú wọlé ló rẹ́ ilé, òun ló gbẹ́ kànga. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, mo sì fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ó ti sú mi kí n máa gbọ́ ìtàn mi lẹ́nu àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ télọ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti lọ́kọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò nílé ọkọ, mi ò bímọ. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Mo lọ sí ọsibítù, mo gbààwẹ̀, mo mu gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n mu. Nígbà tí ọkọ mi fẹ́ ìyàwó mìíràn, mi ò bá a jà. Ẹ̀sìn wa gbà á láyè, mo sì mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tí mi ò gbà ni ti àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, tó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, tí kò wo ojú mi, tó ní:

"O máa kó kúrò nínú yàrá yìí. Ìyàwó tuntun ti lóyún, ó nílò ibi tó láyè. Kó ẹrù rẹ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí màmá mi ń so ewúrẹ́ mọ́."

Mo ní, "Èmi ni mo ra páànù tó wà lórí yàrá yìí o. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Orí ilé ta ni páànù náà wà?"

Ọjọ́ méjì ni mo fi ro ìbéèrè yẹn. Mo ń ránṣọ, mò ń rò ó. Mo ń fọ abọ́, mò ń rò ó. Bí mo ṣe yí i sọ́tùn-ún, tí mo yí i sósì tó, mi ò rí ìdáhùn kankan tí mo lè fún un. Òótọ́ ló sọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lé orí kẹ̀kẹ́, ó gbé mi dé gáréèjì, mo wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́, mo lọ bá ìyá mi.

Ìyá mi ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù ní Ọjà Igbó. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ló ti kúrò ní Ọ̀yọ́ lọ síbẹ̀, yàrá kan ṣoṣo tó háyà ló sì ń gbé. Ó gbà mí, kò bi mí léèrè ohun tó lé mi. Àmọ́ àwa méjì nínú yàrá kan, pẹ̀lú ẹrù ọjà rẹ̀ àti aṣọ àwọn oníbàárà mi, ara ń ni wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wá yàrá tèmi.

Ilé àkọ́kọ́ tí éjéǹtì mú mi lọ, bàbá onílé wo ẹ̀yìn mi bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń bọ̀. Ó ní, "Ọkọ yín dà?" Mo ní mi ò lọ́kọ mọ́. Ó ní yàrá náà ti tán. Ilé kejì, ohun kan náà. Ilé kẹta gbà mí. Mo sanwó, mo kun yàrá náà ní ọ̀dà, mo so kọ́tìnì. Kò tó oṣù méjì, onílé pè mí jókòó, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún, ó ní ìyàwó òun ní ọkàn òun ò balẹ̀ sí kí obìnrin tí kò sí nílé ọkọ máa bá àwọn lo balùwẹ̀ kan náà. Ó ní kí n má bínú. Ó dá nínú owó mi padà, ó ní ìyókù ti lọ sọ́dọ̀ éjéǹtì. Ọ̀dà tí mo kùn wà lára ògiri rẹ̀ títí di òní, bí kò bá tíì kun òmíràn lé e.

Mo padà sí yàrá ìyá mi. Ojú tì mí, àmọ́ inú bí mi ju bí ojú ṣe tì mí lọ.

Nígbà yẹn, mo ní oníbàárà kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin tó ga, tí kì í rẹ́rìn-ín kíákíá. Mo gbé aṣọ Iléyá rẹ̀ lọ fún un nílé. Mo ro pé pálọ̀ ni wọ́n máa mú mi wọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó mú mi gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí yàrá kékeré kan lẹ́bàá kíṣìnnì, ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ni fọ́tò ọkọ rẹ̀ tó ti ṣaláìsí wà. Àwọn ayálégbé kún gbogbo ilé yòókù.

Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ fi ń gbé ibí? Ṣebí ẹ̀yin lẹ nilé."

Ó ní, "Ìdí nìyẹn tí mo fi lè gbé ibi tó wù mí. Owó ìfẹ̀yìntì mi, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń san án. Ilé yìí kì í pẹ́ san tiẹ̀." Ó wọ aṣọ náà wò, ó yí sí iwájú díńgí, ó ní ó bá òun mu. Ìgbà tí mo wá sọ fún un pé wọ́n lé mi kúrò nílé tí mo háyà, kò káàánú mi. Ó kàn ní, "Ìwọ ń wá ẹni tó máa gbà ọ́ sílé káàkiri. Kí ló dé tí ìwọ ò fi di ẹni tó ń gbani sílé?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà bá mi délé.

Ilé kan wà lẹ́yìn odi yunifásítì, kò jìnnà sí ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbà. Wọ́n ti mọ ọ́n dé lẹ́ńtù lókè fèrèsé, wọ́n wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yàrá márùn-ún, pálọ̀, àti sítọ́ọ̀ kan. Igbó ti gba inú rẹ̀, igi ìbẹ́pẹ ti hù nínú ibi tó yẹ kó jẹ́ kíṣìnnì, ó tilẹ̀ ti so. Ẹni tó ni ín ti kó lọ sí ìlú mìíràn, ó fẹ́ tà á kó lè gbájú mọ́ ibi tó wà. Mo ti ń dá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti ìgbà tí mo ti wà ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì lè yá mi kún un. Mo ta gbogbo góòlù tí mo fi ṣe ìyàwó. Mi ò sunkún lé e lórí.

Ṣùgbọ́n kí n tó sanwó, wọ́n ní kí n wá sílé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló di olórí ilé wa lẹ́yìn bàbá wa. Ó pe àwọn àbúrò bàbá wa jọ, wọ́n tẹ́ ẹní, èmi àti ìyá mi jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo gbọ́ pé o fẹ́ ra ilé. Ilé tí kò lórùlé. O ò lọ́kọ. O ò lọ́mọ. Bí o bá kọ́ ọ tán, ta lo kọ́ ọ fún?"

Mo ní, "Èmi ni mo máa kọ́ ọ fún, Ẹ̀gbọ́n. Mo máa sùn nínú rẹ̀."

"Ta ló máa jogún ẹ?"

"Mi ò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín in. Kí àwọn tó bá wà níbẹ̀ dá a rò."

Àwọn àgbà pòṣé. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹ ò rí bó ṣe ń fèsì, ìdí nìyẹn tí kò fi lè gbé ilé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Ó wá sọ ohun tó wà ní ọkàn rẹ̀. Ó ní kí n gbé owó náà wá, kí àwọn fi tún òrùlé ilé bàbá wa ṣe, torí ó ti ń jò, àwọn á sì fún mi ní yàrá kan níbẹ̀ títí ayé.

Mo ní, "Yàrá kan?"

"Yàrá kan tó dáa."

"Bí ẹ bá wá fẹ́ ìyàwó mìíràn ńkọ́, tó nílò ibi tó láyè?"

Mo kúnlẹ̀, mo kí gbogbo wọn, mo dìde. Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá mi kọjú sí mi. Ó wá ní, "Èmi náà rò pé o ò ṣe dáadáa o. Ilé tí igi ìbẹ́pẹ wà nínú ẹ̀!" Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo lọ sanwó ní ọ́fíìsì lọ́yà, mo bá a lórí bẹ́ǹṣì níta, ó ti wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ìsọmọlórúkọ. Ó ní ṣé mi ò nílò ẹlẹ́rìí ni. Òun ló tẹ̀ka sí ìsàlẹ̀ ìwé náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe kì í ṣe òrùlé. Nọ́ọ̀sì yẹn ló kọ́ mi. Ó ní, "Ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti balùwẹ̀ kí o tó ṣe ohunkóhun tó ń dán. Ayálégbé lè fara da ògiri tí wọn ò tíì kùn. Kò ní fara da kó máa lọ sínú igbó." Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo pe bíríkìlà.

Ọjọ́ tó dé, ó rìn yí ilé ká, ó rìn yí mi náà ká. Ó ní, "Àǹtí, ọ̀gá dà?"

Mo ní, "Èmi ni ọ̀gá."

Ó ní, "Rárá, ẹni tó nilé ni mò ń sọ."

Mo ní, "Èmi náà lò ń bá sọ̀rọ̀. Bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tí kò rí ọ̀gá ló ń ṣe. Nígbà tí mo dé láti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kẹta, ó ti mọ ògiri balùwẹ̀ dé èjìká mi. Mo fi ọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kan, iyanrìn ń dà nílẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀, mo tì í. Ògiri náà wó lulẹ̀ bí àkàrà tí kò jiná. Sìmẹ́ńtì tí mo rà kò sí nínú rẹ̀, ó ti kó o lọ ibòmíràn.

Mo ní, "Wàá tún un mọ láti ìsàlẹ̀. Ìwọ lo máa ra sìmẹ́ńtì. Màá jókòó síbí lórí àga títí wàá fi parí."

Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ yẹn, tí mò ń rán aṣọ ilé ìwé, tí mo ń ka iye ọkọ́ sìmẹ́ńtì tó ń lọ sínú iyanrìn. Ó kùn, ó kùn, ó mọ ọ́n. Balùwẹ̀ yẹn ṣì dúró digbí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì ló kọ́kọ́ gba yàrá. A ti kan páànù nígbà náà, àmọ́ ògiri kò tíì ní ọ̀dà, ilẹ̀ yàrá wọn nìkan la sì rẹ́. Mo sọ òótọ́ fún wọn, mo ní ẹ wò ó, ohun tó kù nìyí, owó tí ẹ bá san ni màá fi ṣe é, nítorí náà màá gba díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Wọ́n gbà. Èmi kó wọ sítọ́ọ̀ kí n lè fi àwọn yàrá yòókù sílẹ̀ fún ẹni tó máa sanwó. Àwa mẹ́ta ń lo balùwẹ̀ kan, mo máa ń tò lẹ́yìn wọn láàárọ̀ pẹ̀lú kẹ́tùlù omi gbígbóná mi. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ kọjá síwájú, Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ nilé." Mo ní, ẹ̀yin lẹ sanwó, ẹ lọ wẹ̀, kíláàsì ń dúró dè yín.

Bí mo ṣe rẹ́ yàrá kan, mo fi í háyà. Owó rẹ̀ ló rẹ́ òmíràn. Nígbà tó fi máa tó ọdún méjì, gbogbo ilé ti kún, ó ku pálọ̀. Éjéǹtì wá mú dẹ́rẹ́bà kan wá, òun àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ. Ọkùnrin náà ń wa mọ́tò Ìlọrin, ìyàwó rẹ̀ ń po ọṣẹ olómi nínú kòròbá tà. A pín pálọ̀ náà sí méjì pẹ̀lú pákó, wọ́n wọlé. Ní ọdún àkọ́kọ́, éjéǹtì ló bá wa gba owó, wàhálà kankan ò sí. Ní ọdún kejì, mo ní kí wọ́n san án fún mi tààrà. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Mo ní, "Ẹ kú ilé o, owó ilé ti tó."

Ó ní, "Màdáàmù, ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin tàbí ẹnikẹ́ni tó bá dúró fún yín wá. Èmi ò lè máa ka owó sọ́wọ́ obìnrin, kí n máa gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ibi tí mo ń sùn."

Mo ní, "Ọwọ́ obìnrin lẹ ti gba kọ́kọ́rọ́."

Ó ti ilẹ̀kùn. Oṣù mẹ́ta kọjá, kò san. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ ń pàdé lẹ́bàá kànga lárààárọ̀, ó máa ń fi ojú pa mí rẹ́ kọjá. Nígbà tó yá, ó lọ fẹjọ́ mi sun ní ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, ó ní òun ò mọ ẹni tó nilé, kí wọ́n bá òun pe onílé gan-an. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí orí Wasáàpù àdúgbò: kí "ẹni tó ni ilé aláwọ̀ ewé" wá sípàdé. Wọ́n mọ̀ pé èmi ni. Gbogbo wọn ti rán aṣọ lọ́dọ̀ mi rí.

Abẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé alága ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo kí wọn, mo rìn lọ sí iwájú, mo fa àga kan, mo jókòó.

Alága ní, "Àlàájà, ìpàdé àwọn onílé la ń ṣe."

Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, sà. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá."

"Ẹni tó nilé la pè."

"Ẹni náà ló jókòó síwájú yín yìí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni ọ̀kadà kan dúró, ẹ̀gbọ́n mi sì sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó wọ agbádá, ó dé fìlà. Láti Ọ̀yọ́ ló ti wá. Dẹ́rẹ́bà ti gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ éjéǹtì, ó ti pè é. Mo rò pé ó wá tì mí lẹ́yìn ni. Ó kí alága, wọ́n fún un ní àga tó ga ju tèmi lọ, ó sì ní:

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbààgbà. Ilé ẹbí wa ni ilé yìí. Àbúrò mi kàn ń bá wa mójú tó o ni. Láti òní lọ, kí wọ́n máa fi owó náà ránṣẹ́ sí mi."

Mo gbọ́ bí ara ṣe tu gbogbo wọn. Alága ní, "Ẹ ṣé o, Àfáà. Ẹ wá rí i báyìí pé kò le." Dẹ́rẹ́bà ń mi orí. Mo dìde. Mo yọ ìwé ilé nínú báàgì mi, mo gbé e síwájú alága, mo ní kó ka orúkọ tó wà níbẹ̀ sókè kí gbogbo wọn gbọ́.

Kò tíì fọwọ́ kàn án tí ẹnì kan fi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa. Ìyá mi ni. Mi ò pè é. Ó ti tẹ̀lé ìròyìn náà wá láti ọjà, báàgì síìpù rẹ̀ ṣì wà léjìká rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ kà á. Ìka mi ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, èmi náà á sọ ohun tó wà níbẹ̀." Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìwọ, ọmọ tí mo bí, ọjọ́ wo lo ra ìṣó kan sí ilé yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ ọkùnrin la ń sọ."

Ó ní, "Nígbà tí bàbá yín kú, èmi náà fẹ́ ra ilẹ̀ kan ní ìlú yìí. Ilẹ̀ kékeré ni. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Ìwọ náà sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́mọdé ni ọ́ nígbà yẹn. Mo gbọ́ tiyín. Títí di òní, inú yàrá tí mo háyà ni mo wà, àwọn ọmọ tí onílé mi bí lójú mi ló ń sọ fún mi pé kí n má da omi síbí. Mi ò ní gbọ́ tiyín lẹ́ẹ̀kejì."

Kò pariwo. Bí ó ṣe máa ń sọ iye síìpù fún oníbàárà ló ṣe sọ ọ́. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn rí, kò sọ ọ́ fún mi rí láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú.

Alága ka ìwé náà. Ó kà á jẹ́ẹ́, ó tún un kà, ó wá ní, "Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́." Ó bojú wo dẹ́rẹ́bà, ó ní kó lọ sanwó fún onílé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, kò dágbére fún èmi tàbí ìyá wa, ó bọ́ sórí ọ̀kadà. Ọkàn mi bà jẹ́. Òun ló kọ́ mi ní álífábẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo wà ní kékeré, òun ló máa ń gbé mi kọjá odò lọ sílé kéwú. Ṣùgbọ́n ká ní ọjọ́ yẹn tún padà wá lọ́la, ohun tí mo ṣe náà ni màá ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, mi ò pa ìpàdé ẹgbẹ́ onílé jẹ rí, iwájú ni mo sì máa ń jókòó.

Dẹ́rẹ́bà san owó tó jẹ. Mo gbà á, mo fún un ní rìsíìtì, mo tún fún un ní ìwé oṣù mẹ́fà pé kó wá ibòmíràn. Mo tẹ̀lé òfin, lọ́yà ló kọ ọ́. Bí oṣù kẹfà ṣe ń sún mọ́lé, ìyàwó rẹ̀ wá bá mi ní sítọ́ọ̀, ó fi ìdí lé etí bẹ́ẹ̀dì mi, ó gbé ike kan sórí itan.

Ó ní, "Ìyá onílé, ọkọ mi ń kó lọ sí Ìlọrin. Ó ní kí n máa bọ̀. Ibí ni àwọn oníbàárà mi wà, ibí ni àwọn ọmọ ti ń lọ sílé ìwé. Èmi ò lọ."

Mo ní, "Ìwé tí mo fún yín ńkọ́?"

Ó ní, "Òun lẹ fún. Ẹ ò tíì fún èmi ní nǹkan kan." Ó ṣí ike náà. Owó ọdún kan ló wà nínú rẹ̀, tí ó ká jọ ní kékeré kékeré. Ó ní, "Owó ọṣẹ ni. Èyí tó fi ń san owó ilé tẹ́lẹ̀, owó ọṣẹ ni. Mo máa ń kó o fún un ni, kó lè kó o fún éjéǹtì."

Ọkùnrin tí kò lè ka owó sọ́wọ́ obìnrin! Mo bú sẹ́rìn-ín, òun náà bú sẹ́rìn-ín, àwa méjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo kọ àgíríméǹtì tuntun, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ sáàárín Bíbélì rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ máa ń wá lọ́jọ́ Sátidé báyìí láti wo àwọn ọmọ. Ó máa ń kan ilẹ̀kùn, ó máa ń dúró níta títí ìyàwó rẹ̀ á fi ṣí i. Bó bá rí mi, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé, ìyá onílé." Mo máa ń dáhùn. Mi ò bá a ṣọ̀tá. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ kò tíì wọ ilé yìí. Tí Iléyá bá dé, mo máa ń fi ẹran ránṣẹ́ sí i ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó ń gbà á, ó ń ní kí wọ́n bá òun kí mi. Ó kù sí i lọ́wọ́.

Ìyá mi ti kó wá. Yàrá tó wà lápá ìlà-oòrùn ni mo fún un, òun ló sì ní kí n wá gba owó. Mo kọ̀, ó kọ̀. Ní báyìí, síìpù àti òwú ló fi ń san án, mi ò ra òwú mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé, ìyàwó dẹ́rẹ́bà wá dúró tì mí. Ó ń wo ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi wa, tí àwọn kan fi ń gbin ẹ̀gẹ́.

Ó ní, "Ìyá onílé, ta ló nilẹ̀ yìí?"

Mo ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ó ní, "Mo kàn ń béèrè ni. Mo ti wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti oṣù kẹta." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ń bọ̀. "Ọkọ mi ò mọ̀ o."

Mo ní èmi náà ò ní sọ fún un. Mo gbé abọ́ aṣọ náà kalẹ̀, mo mú un lọ́wọ́, a lọ wá ẹni tó nilẹ̀.